Dátábéèsì orí kíláòdù tó ń kógbá sílé: ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n jọ lórí bí a ṣe ń kó kúrò níbẹ̀

Olùdarí_Ìjíròrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ṣí ìjíròrò yìí kí ohun tí a mọ̀ nípa kíkó dátábéèsì kúrò lórí iṣẹ́ kíláòdù (sáfà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń bá wa tọ́jú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó fẹ́ kógbá sílé lè wà lójú kan. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa: Azure Database for MySQL Single Server (ti Microsoft) parí ní 16 Oṣù Kẹsàn-án 2024, ti PostgreSQL tẹ̀lé e ní 28 Oṣù Kẹta 2025, Amazon QLDB ní 31 Oṣù Keje 2025, Azure Database for MariaDB ní 19 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Àwọn mìíràn yóò ṣì máa tẹ̀lé wọn, nítorí náà ohun tí a bá kọ síbí yóò wúlò fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹ̀yà dátábéèsì tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ kọ àṣẹ náà bó ṣe rí gan-an, ẹ sì sọ ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹ má lẹ connection string (ọ̀rọ̀ tí áàpù fi ń sopọ̀ mọ́ dátábéèsì) tí páásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ mọ́ ibí. Ẹ jẹ́ ká fi PostgreSQL bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa MySQL àti MariaDB, kó dá sí i.

SQL_Àgbà

Ohun kan ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé gbogbo wa: dátà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ìlà inú tábìlì máa ń dé ibi tó ń lọ. Àwọn nǹkan tí kì í bá dátà rìn ló máa ń dá iṣẹ́ dúró lóru ọjọ́ ìyípadà. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ lọ sórí sáfà àtijọ́ kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀:

`SHOW server_version;`
`\l+` fún orúkọ dátábéèsì, ìtóbi wọn àti collation wọn (òfin bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀)
`\du` fún àwọn aṣàmúlò àti ẹgbẹ́ wọn
`\dx` fún extension (àfikún tó ń fún PostgreSQL ní agbára tuntun), nínú dátábéèsì kọ̀ọ̀kan
`SELECT name, setting, source FROM pg_settings WHERE source NOT IN ('default','override');` fún gbogbo ètò tí ẹnì kan ti yí padà nígbà kan rí
`SELECT * FROM cron.job;` bí ẹ bá ń lo pg_cron, tó ń mú iṣẹ́ ṣiṣẹ́ ní àkókò tí a yàn

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí àwọn tó ń lo dátábéèsì náà:

`SELECT usename, application_name, client_addr, count(*) FROM pg_stat_activity GROUP BY 1,2,3;`

Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ èsì sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí títí oṣù kan yóò fi yí, nítorí iṣẹ́ ìparí oṣù tó máa ń jí lóru ọjọ́ kan péré kò ní hàn lọ́jọ́ mìíràn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í rántí láti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà.

Àbúrò_Backend

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá pg_dump (tó ń da gbogbo dátà sínú fáìlì) tó mi tàbí kí n lo logical replication (tó ń gbé ìyípadà kọ̀ọ̀kan lọ sí sáfà tuntun bó ṣe ń ṣẹlẹ̀)? Dátábéèsì kan jẹ́ 40 GB, èkejì jẹ́ 500 GB. PostgreSQL 11 ni méjèèjì.

Ìsopọ̀5432

Àbúrò, iye wákàtí tí iṣẹ́ lè fi dúró ni kí o kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni áàpù náà. Lẹ́yìn náà, ṣe ìṣirò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbé 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 500 GB yóò gba 5,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 83. Kíkó nìkan nìyẹn o. Index (atọ́ka tó ń mú wíwá ìlà yá) kì í bá dump rìn, pg_restore, tó ń da fáìlì náà padà sórí sáfà, ló ń tún gbogbo rẹ̀ kọ́, ó sì lè gba àkókò tó pọ̀ ju kíkó lọ. 40 GB kò nílò ju pg_dump lọ. Fún 500 GB, tí àwọn tó ni áàpù bá fún ọ ní wákàtí mẹ́fà lóru, ṣe ìdánrawò kí o wo iye àkókò tó gbà gan-an. Tí wọn kò bá gbà ju ìdajì wákàtí lọ, logical replication ni.

Fún pg_dump, gba kọ̀ǹpútà kan sórí kíláòdù náà, ní agbègbè kan náà tí sáfà méjèèjì wà. Má ṣe é láti orí láptọ́ọ̀pù. Ṣí tmux kí ìsopọ̀ SSH tó bá já má baà pa iṣẹ́ náà. Lo pg_dump ti ẹ̀yà tuntun tí ò ń lọ, kì í ṣe ti àtijọ́:

`pg_dump -h SÁFÀ_ÀTIJỌ́ -U aṣàmúlò -d mydb -Fd -j 8 --no-owner --no-acl -f /data/mydb.dir`
`pg_restore -h SÁFÀ_TUNTUN -U aṣàmúlò -d mydb -j 8 --no-owner --no-acl /data/mydb.dir`

`-Fd` pọndandan nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí pg_dump lè gbà lo `-j` (iye òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀). Kí nọ́ńbà `-j` má ju iye vCPU sáfà lọ. Mọ̀ pé `-j` kì í pín tábìlì kan ṣoṣo: bí 300 GB nínú 500 GB bá wà nínú tábìlì kan, òṣìṣẹ́ kan ni yóò máa gbé e nígbà tí àwọn méje yòókù ti parí. Pgcopydb, irinṣẹ́ mìíràn fún kíkó PostgreSQL, lè pín in pẹ̀lú `--split-tables-larger-than`, ó sì ń kọ́ àwọn index tábìlì kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí dátà ń wọlé, gbé `maintenance_work_mem` àti `max_wal_size` sókè lórí sáfà tuntun, má sì tíì tan high availability (sáfà kejì tó ń gbapò tí àkọ́kọ́ bá kú) tàbí dá replica (ẹ̀dà sáfà) sílẹ̀. Wọ́n á dúró de ìgbà tí dátà bá ti wọlé tán.

Ẹ̀ṣọ́_Ẹnu_Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ aṣàmúlò. Pg_dump kì í gbé wọn, nítorí ti sáfà lápapọ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ti dátábéèsì kan. Àṣẹ tí ẹ nílò ni:

`pg_dumpall --roles-only --no-role-passwords -h SÁFÀ_ÀTIJỌ́ -U aṣàmúlò -l postgres -f roles.sql`

`--no-role-passwords` ni ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́: ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kíláòdù kì í fún wa ní superuser (aṣàmúlò tó ní gbogbo ẹ̀tọ́), ibi tí páásíwọ́ọ̀dù sì wà, ìyẹn pg_authid, superuser nìkan ló lè kà á. Nítorí náà páásíwọ́ọ̀dù gbogbo aṣàmúlò ni ẹ máa tún ṣe. Ẹ ṣí roles.sql kí ẹ tó lò ó. Ẹ yọ àwọn ìlà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kíláòdù fúnra rẹ̀ (ní Azure, azure_superuser àti azure_pg_admin, ní AWS, gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rds), kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ NOSUPERUSER àti NOBYPASSRLS kúrò nínú ALTER ROLE. Bí ẹ kò bá yọ wọ́n, ALTER ROLE yóò kùnà, àwọn ẹ̀tọ́ tó wà lórí ìlà kan náà, bíi LOGIN, kò sì ní wọlé. Irú aṣàmúlò bẹ́ẹ̀ yóò wà lórí sáfà tuntun ṣùgbọ́n kò ní lè wọlé.

`--no-owner` tí Ìsopọ̀5432 kọ sókè túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe restore ni yóò ni gbogbo tábìlì. Tí áàpù yín bá ń ṣe migration tirẹ̀ (yíyí àtòpọ̀ tábìlì padà fúnra rẹ̀), aṣàmúlò áàpù náà gbọ́dọ̀ ni tábìlì kó tó lè ṣe ALTER TABLE. Ẹ ṣe restore pẹ̀lú aṣàmúlò yẹn, tàbí kí ẹ yí ẹni tó ni tábìlì padà lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá sì lo `--no-acl`, ẹ kọ GRANT yín (àṣẹ tó ń fún aṣàmúlò ní ẹ̀tọ́) sínú fáìlì kan, kí ẹ sì ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara yín.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń lọ sí PostgreSQL 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú dátábéèsì tuntun, ẹnikẹ́ni kò tún lè kàn dá tábìlì sílẹ̀ nínú schema public (àpò tábìlì tó máa ń wà látilẹ̀) mọ́. `permission denied for schema public` ni ẹ máa rí. `GRANT CREATE ON SCHEMA public TO aṣàmúlò_áàpù;` ni oògùn rẹ̀.

SQL_Àgbà

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí collation, nítorí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò ó. Orí Windows ni Azure PostgreSQL Single Server ti ń ṣiṣẹ́ kó tó kógbá sílé. Collation ibẹ̀ ni `English_United States.1252`. Lórí Flexible Server, iṣẹ́ Azure tó rọ́pò rẹ̀, `en_US.utf8` ni. Wọn kì í to ọ̀rọ̀ bákan náà: àmì bíi hyphen àti àlàfo, àti lẹ́tà tó ní àmì lórí, lè bọ́ sí ipò mìíràn. Dátà kò bàjẹ́, index kò sì bàjẹ́, nítorí pg_restore kọ́ gbogbo index tuntun. Ṣùgbọ́n `ORDER BY orúkọ` yóò mú èsì jáde ní ètò mìíràn. Níbi tí áàpù bá ti ń pín èsì sí ojú-ewé pẹ̀lú `WHERE orúkọ > èyí_tó_kẹ́yìn`, ó yẹ kí ẹ dán an wò. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ pín tábìlì sí partition, ìyẹn ìpín kéékèèké (FROM 'A' TO 'M'), ìlà kan lè kọ̀ láti wọ partition tó wà tẹ́lẹ̀. Ìbáramu pẹ̀lú `=` àti UNIQUE kò yí padà.

Ní ti extension: orí Flexible Server, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn sínú `azure.extensions` kí `CREATE EXTENSION` tó gbà. Àwọn tó nílò `shared_preload_libraries`, bíi pg_cron, TimescaleDB àti pg_stat_statements, nílò kí sáfà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí restore tó bẹ̀rẹ̀. Tí PostGIS, extension fún dátà àwòrán ilẹ̀, kò bá tíì sí níbẹ̀, tábìlì tó ní òpó geometry kò ní dá sílẹ̀, dátà rẹ̀ kò ní ríbi wọ̀, ẹ ó sì rí àṣìṣe jàn-án-rẹrẹ tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀.

Láti PostgreSQL 11 lọ sókè, ẹ wo àwọn wọ̀nyí náà: tábìlì tí a dá pẹ̀lú WITH OIDS (12 ti yọ ọ́ kúrò), aggregate tí ẹ fúnra yín dá láti ara array_append (14 yí irú rẹ̀ padà sí anycompatible), àti WITH, tí planner (apá tó ń yan ọ̀nà láti dáhùn ìbéèrè) ti ń tú sínú ìbéèrè láti 12. Bí ìbéèrè kan bá gbára lé pé WITH ń dá dúró, ẹ fi MATERIALIZED sí i.

Okùn_Logical

Ẹni tó bá ń lo logical replication, ohun tó ń pa á lára kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lágbára.

Lákọ̀ọ́kọ́, `wal_level` (bí WAL, àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà, ṣe kún tó) gbọ́dọ̀ jẹ́ logical lórí sáfà àtijọ́. Ní Azure Single Server kó tó parí, `azure.replication_support` ni wọ́n ń sọ di LOGICAL. Ní RDS (ti Amazon), `rds.logical_replication` di 1. Ní Cloud SQL (ti Google), `cloudsql.logical_decoding` di on. Gbogbo wọn ló nílò kí sáfà tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ gba àyè fún un ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn tábìlì tí kò ní primary key (òpó tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀):

`SELECT c.oid::regclass FROM pg_class c JOIN pg_namespace n ON n.oid = c.relnamespace WHERE c.relkind = 'r' AND n.nspname NOT IN ('pg_catalog','information_schema') AND NOT EXISTS (SELECT 1 FROM pg_constraint k WHERE k.conrelid = c.oid AND k.contype = 'p');`

Èyí ṣe kókó gan-an. Ní kété tí ẹ bá fi irú tábìlì bẹ́ẹ̀ sínú publication (àkójọ tábìlì tí sáfà àtijọ́ ń pín jáde), UPDATE àti DELETE lórí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà *lórí sáfà àtijọ́*, èyí tí àwọn oníbàárà ṣì ń lò: `cannot update table ... because it does not have a replica identity and publishes updates`. Ẹ fún un ní primary key, tàbí kí ẹ ṣe `ALTER TABLE ... REPLICA IDENTITY FULL;` kí ẹ tó ṣe CREATE PUBLICATION. FULL máa ń lọ́ra lórí tábìlì ńlá, nítorí gbogbo òpó ló fi ń wá ìlà tó fẹ́ yí padà.

Àtòpọ̀ tábìlì ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ (`pg_dump --schema-only`), kí CREATE SUBSCRIPTION (àṣẹ tí sáfà tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyípadà) tó wáyé. Láti ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ALTER TABLE lórí sáfà àtijọ́, nítorí DDL (àṣẹ tó ń yí àtòpọ̀ padà) kì í kọjá. Òpó tuntun kan péré ni yóò dá subscription náà dúró.

Àwọn mìíràn tí kì í kọjá: sequence tó ń pín nọ́ńbà id (títí dé ẹ̀yà 18), large object (fáìlì ńlá inú dátábéèsì), unlogged table (tí kì í wọ WAL), àti èsì materialized view (èsì ìbéèrè tí a tọ́jú). Materialized view, ẹ ṣe REFRESH fún un níbẹ̀. Large object, pg_dump ni ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ slot (àmì ibi tí sáfà tuntun kà dé nínú WAL) lójoojúmọ́:

`SELECT slot_name, active, pg_size_pretty(pg_wal_lsn_diff(pg_current_wal_lsn(), restart_lsn)) FROM pg_replication_slots;`

Slot tí kò ní ẹni tó ń kà á dà bí ẹ̀rọ omi tí a ṣí sílẹ̀ nínú ilé tí kò sẹ́nìkan: WAL á máa kó jọ títí dísíìkì yóò fi kún. Láti 13, `max_slot_wal_keep_size` lè fi òpin sí i, ṣùgbọ́n 11 àti 12 kò ní in. Bí subscription bá kú tí ẹ kò sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ ju slot náà nù pẹ̀lú `pg_drop_replication_slot`, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó sàn ju kí sáfà àtijọ́ kú lọ.

Àbúrò_Backend

Ọ̀gá Okùn_Logical, sequence yẹn ńkọ́? Ṣé ó pọndandan kí n ṣe é fún gbogbo wọn?

Okùn_Logical

Gbogbo wọn, àbúrò. Tí o kò bá ṣe é, sequence tó wà lórí sáfà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láti 1, INSERT àkọ́kọ́ yóò sì kọlu id tó ti wà: `duplicate key value violates unique constraint`. Ṣe èyí lórí sáfà àtijọ́ lẹ́yìn tí o bá ti dá kíkọ dúró:

`SELECT format('SELECT setval(%L, %s);', format('%I.%I', schemaname, sequencename), last_value + 1000) FROM pg_sequences WHERE last_value IS NOT NULL;`

Kó èsì rẹ̀ sínú fáìlì, lo fáìlì náà lórí sáfà tuntun. 1000 tí mo fi kún un jẹ́ ààyè fún ìṣọ́ra. Ẹni tó lo pg_dump tó gbé dátà pẹ̀lú kò nílò èyí, pg_dump ń gbé sequence.

Ìsopọ̀5432

Connection string. Lórí Azure Single Server tó ti parí, orúkọ aṣàmúlò ti máa ń jẹ́ `aṣàmúlò@orúkọsáfà`. Lórí Flexible Server, `aṣàmúlò` lásán ni. Níbi tí ó bá wà nínú URL, `%40` ni wọ́n fi kọ `@` yẹn, nítorí náà tí ẹ bá wá `@` nìkan nínú kóòdù yín, ẹ kò ní rí gbogbo rẹ̀. Ẹ wá méjèèjì.

SCRAM: láti 14, scram-sha-256 ni PostgreSQL fi ń pa páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Libpq (driver, ìyẹn ohun tí áàpù fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀) tó kéré ju 10 kò mọ̀ ọ́n, pgjdbc (ti Java) gbọ́dọ̀ jẹ́ 42.2.0 ó kéré tán. Ẹ wo inú àwọn container àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í tún kọ́ mọ́, ibẹ̀ ni driver àtijọ́ máa ń sá pamọ́ sí.

Ìwé-ẹ̀rí TLS: bí áàpù bá ń lo `sslrootcert` pẹ̀lú fáìlì kan pàtó, fáìlì yẹn lè má mọ CA tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí sáfà tuntun. Ẹ fi CA tuntun kún fáìlì náà ṣáájú ọjọ́ ìyípadà, ẹ má yọ ti àtijọ́.

Àwọn kan máa ń fi CNAME (orúkọ ìnagijẹ nínú DNS) tiwọn síwájú sáfà kí wọ́n lè yí i padà níbi kan ṣoṣo. Ó dára, ṣùgbọ́n `sslmode=verify-full` kò ní gbà á, nítorí orúkọ tí ẹ fún CNAME kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ kíláòdù. Èmi kò gbà kí ẹ torí èyí sọ verify-full di require. Orúkọ sáfà gangan nínú environment variable ni kí ẹ lò. Bí CNAME bá wà ní gbogbo ọ̀nà, ẹ sọ TTL rẹ̀ (ìṣẹ́jú àáyá tí DNS fi ń rántí rẹ̀) di 60 ní ọjọ́ kan ṣáájú. DNS kò sì kan ìsopọ̀ tó ti wà nínú pool (àkójọ ìsopọ̀ tí áàpù ń tún lò); ẹ tún áàpù bẹ̀rẹ̀.

PgBouncer (tó ń pín ìsopọ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ áàpù) tó wà nínú Flexible Server ń gbọ́ ní port 6432. Pg_dump, pg_restore àti replication, 5432 tààrà ni tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé áàpù lọ sí 6432 pẹ̀lú transaction mode, kó mọ̀ pé LISTEN, SET lásán, àti advisory lock onísẹ́ṣọ̀n kò ní ṣiṣẹ́ bíi tẹ́lẹ̀. Kí ó má ṣe ìyẹn lóru kan náà tó ń kó lọ.

Maria_dé_MySQL

Fún àwọn tí MariaDB wọn kógbá sílé tí wọ́n sì darí wọn sí MySQL 8.0: ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

JSON nínú MariaDB jẹ́ LONGTEXT lábẹ́, MySQL sì ní irú JSON tirẹ̀ tó ń yẹ ohun tó wọlé wò. Ọ̀rọ̀ tí kò bá jẹ́ JSON tó pé yóò kọ̀ láti wọlé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣe `SELECT id FROM tábìlì WHERE JSON_VALID(òpó) = 0;` lórí ti àtijọ́. MySQL kò ní CREATE SEQUENCE rárá; AUTO_INCREMENT ni ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. GTID wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìyípadà nínú replication) kò bára mu: ti MariaDB dà bí `0-1-100`, ti MySQL ní UUID. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kó lo dump dípò replication láàárín àwọn méjèèjì tí ìtóbi dátà bá gbà á láyè.

`mysqldump --single-transaction --routines --triggers --events --databases mydb > mydb.sql`

Nígbà tó bá ń wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. 1227 jẹ́ ti DEFINER: view tàbí trigger ń dárúkọ aṣàmúlò tí ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣojú fún, ẹ fi sed yọ DEFINER kúrò. 1231 jẹ́ ti NO_AUTO_CREATE_USER nínú sql_mode, èyí tí 8.0 ti yọ. Ẹ pa á rẹ́ nínú fáìlì. 1267, `Illegal mix of collations`, kì í jáde nígbà ìwọlé, ìgbà tí JOIN bá ṣẹlẹ̀ ló ń jáde: tábìlì àtijọ́ wà ní utf8mb4_general_ci, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ gba utf8mb4_0900_ai_ci. Ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo dátábéèsì náà.

Orúkọ òpó bíi `rank`, `groups`, `system` àti `lead` ti di ọ̀rọ̀ àfipamọ́ ní 8.0. Mysqldump ń fi backtick yí wọn ká, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú kóòdù yín kò rí bẹ́ẹ̀. Driver àtijọ́ náà kò mọ caching_sha2_password, ọ̀nà tí 8.0 fi ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò.

Ìsopọ̀5432

Ọjọ́ ìyípadà fún PostgreSQL, bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra. Ẹ dá àwọn iṣẹ́ cron (tó ń ṣiṣẹ́ ní àkókò tí a yàn) àti queue (tó ń dúró de ìgbà tó kàn wọ́n) dúró kí ẹ tó dá áàpù dúró. Lẹ́yìn náà, lórí sáfà àtijọ́:

`ALTER DATABASE mydb SET default_transaction_read_only = on;`
`SELECT pg_terminate_backend(pid) FROM pg_stat_activity WHERE datname = 'mydb' AND backend_type = 'client backend' AND pid <> pg_backend_pid();`

Àṣẹ kejì pọndandan, nítorí ìsopọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ pé ètò ti yí padà. `backend_type` ni kò jẹ́ kó pa walsender, tó ń fi ìyípadà ránṣẹ́ sí sáfà tuntun. Ẹ dúró títí `confirmed_flush_lsn` yóò fi bá `pg_current_wal_lsn()` dọ́gba, ìyẹn ni pé sáfà tuntun ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹ lo fáìlì setval. Ẹ yẹ iye ìlà wò. Ẹ yí connection string padà, ẹ tan áàpù kan ṣoṣo, ẹ kọ ìlà kan sínú rẹ̀ kí ẹ kà á jáde. Ẹ tan ìyókù lẹ́yìn ìyẹn, kí cron kẹ́yìn.

Aṣàyẹ̀wò_Ìlà

`count(*)` nìkan kò tó. Ẹ fi èyí kún un lórí sáfà méjèèjì, ní ìpín ìpín (md5 jẹ́ àmì kúkúrú tó ń yàtọ̀ tí dátà bá yàtọ̀):

`SELECT count(*), md5(string_agg(md5(t::text), '' ORDER BY id)) FROM orders t WHERE id BETWEEN 1 AND 100000;`

Bí id bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ kọ `ORDER BY id COLLATE "C"`, nítorí ohun tí SQL_Àgbà sọ lókè: collation méjèèjì yàtọ̀, md5 yóò sì yàtọ̀ láìjẹ́ pé dátà yàtọ̀. Bákan náà ni òpó float (nọ́ńbà onídẹ́símà): PostgreSQL 12 yí bí a ṣe ń tẹ float jáde padà, 11 àti 16 kò ní bára mu. Ẹ yí i sí `numeric` pẹ̀lú round, tàbí kí ẹ yọ òpó náà kúrò nínú ìṣirò. Kí timezone àti DateStyle ìhà méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà.

SQL_Àgbà

Aṣàyẹ̀wò_Ìlà, o ṣeun. Mo fi èyí kún un: kí áàpù tó padà, ẹ ṣe `vacuumdb --analyze-in-stages -j 8 -d mydb`. Kí ẹ̀yà 18 tó dé, pg_dump kì í gbé statistics, logical replication náà kì í gbé e. Láìsí rẹ̀, planner kò mọ iye ìlà tó wà nínú tábìlì, yóò máa ka gbogbo tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, CPU yóò lọ sí 100%, ẹ ó sì máa rò pé sáfà tuntun kéré jù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé iṣẹ́ tuntun lọ́ra, ANALYZE ni wọn kò ṣe.

Àbúrò_Backend

Tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí a ti yí padà ńkọ́? Ṣé a lè padà sẹ́yìn?

Okùn_Logical

Kí ìkọ̀wé àkọ́kọ́ tó wọ sáfà tuntun, o lè padà lọ́fẹ̀ẹ́: mú read_only kúrò, dá connection string padà. Lẹ́yìn ìyẹn, pípadà túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí tuntun yóò sọnù, àfi tí o bá ti ṣe subscription láti tuntun padà sí àtijọ́. Ju subscription àkọ́kọ́ nù ṣáájú. Kí àwọn aṣàmúlò tó wọlé, dá publication sílẹ̀ lórí tuntun, kí o ṣe CREATE SUBSCRIPTION lórí àtijọ́ pẹ̀lú `copy_data = false`. Sáfà àtijọ́ gbọ́dọ̀ lè dé sáfà tuntun lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fáyàwọ̀ọ̀lù sì sábà máa ń dènà èyí, nítorí náà ìgbà ìdánrawò ni kí o dán an wò. Sequence náà tún ń dúró dè ọ́ tí o bá padà.

Ẹ̀ṣọ́_Ẹnu_Ọ̀nà

Ẹni tó ń lo Terraform (irinṣẹ́ tó ń fi kóòdù dá sáfà sílẹ̀): `azurerm_postgresql_server` àti `azurerm_postgresql_flexible_server` jẹ́ resource ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú kóòdù kí ẹ lè kọ tuntun, `terraform apply` yóò pa sáfà àtijọ́ rẹ́ ní tòótọ́. Ẹ fi `prevent_destroy` sí i, kí ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Flexible Server wà nínú VNet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni ti Azure), ó nílò subnet (apá kan nínú rẹ̀) tí a yà sọ́tọ̀ fún `Microsoft.DBforPostgreSQL/flexibleServers`, tí kò sí irú resource mìíràn nínú rẹ̀, àti private DNS zone. Ẹ pinnu èyí kí ẹ tó dá sáfà sílẹ̀. Dísíìkì rẹ̀ lè tóbi sí i, kò lè kéré padà, nítorí náà ẹ má kàn ṣe àdàkọ ìtóbi sáfà àtijọ́ tó jẹ́ pé log àtijọ́ ló kún inú rẹ̀.

Olùdarí_Ìjíròrò

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan kù: ẹ̀dà ìpamọ́ àtijọ́.

SQL_Àgbà

Kì í tẹ̀lé yín. Point-in-time restore (dídá dátà padà sí àkókò kan pàtó) sáfà àtijọ́ wà fún sáfà àtijọ́ nìkan, sáfà tuntun kò lè kà á, tí wọ́n bá sì pa iṣẹ́ náà dé, ó bá a lọ. Sáfà tuntun bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ dá a sílẹ̀, ó sì ń pa á mọ́ fún ọjọ́ 7 sí 35 bí ẹ bá ṣe ṣètò rẹ̀ ní Azure. Bí òfin iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ tọ́jú dátà fún ọdún mélòó kan, ẹ ṣe pg_dump ìkẹyìn nígbà tí sáfà àtijọ́ wà ní read-only, ẹ gbé e sí object storage, ẹ kọ ẹ̀yà PostgreSQL tó jáde láti inú rẹ̀ mọ́ orúkọ fáìlì, kí ẹ sì ṣe restore rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sórí sáfà òfìfo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo `pg_stat_activity` lórí àtijọ́ títí ìparí oṣù yóò fi kọjá. Adírẹ́sì IP tó bá ṣì ń gbìyànjú láti wọlé níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ni ín kí ẹ tó tẹ Delete.